Kí ló gbé onílù Tito Puente wá síwájú báńdì?

Etí Ìlù:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo rí fídíò Tito Puente kan lánàá, mi ò sì rí oorun sùn dáadáa. Báńdì ńlá ni, àwọn onífèrè jókòó sẹ́yìn, òun dúró gbagidi níwájú wọn, ó ń na timbales, ìyẹn ìlù onírin méjì tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù, ó yọ ahọ́n síta. Èmi rò pé ẹ̀yìn ni onílù máa ń wà. Ta ló fún un láyè? Ẹnì kan tún sọ pé ó lu ìlù òrìṣà. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Onírékọ́ọ̀dù:
Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ wọ̀ mí lára. Bàbá mi ló fi Dance Mania, rẹ́kọ́ọ̀dù Puente, sílẹ̀ fún mi, mo sì ti gbọ́ ọ débi pé ó ń há.

Ijó ni kó o kọ́kọ́ wò. Harlem, ní New York, ni wọ́n bí Puente sí ní 1923, Puerto Rico sì làwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ní kékeré, oníjó ni òun àti arábìnrin rẹ̀, kó tó di pé ó ṣèṣe lẹ́sẹ̀, tó wá gbájú mọ́ ìlù. Èmi gbà pé ẹsẹ̀ oníjó yẹn kò kúrò lára rẹ̀ rí. Tó bá ń kọ orin, ibi tí ijó máa ti yí ló máa ń gbọ́.

Ogun Àgbáyé Kejì wá gbé e lọ sójú òkun. Nínú ọkọ̀ ogun USS Santee ló ti ń fọn sakisofóònù, tó sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to orin fún báńdì ńlá. Nígbà tó dé, owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ná fún àwọn sójà tó tojú ogun bọ̀ ló fi wọ Juilliard, ilé ẹ̀kọ́ orin ní New York. Ṣé o wá rí i? Òun ló ń kọ ohun tí gbogbo fèrè máa fọn. Ó wá yẹ kí gbogbo wọn máa rí ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n máa wọlé àti ìgbà tí wọ́n máa dákẹ́. Ní Palladium, gbọ̀ngàn ijó kan ní Broadway, níbi tí òun àti àwọn olórí báńdì mìíràn, Machito àti Tito Rodríguez, ti ń bára wọn figa gbága, bí onílù bá ṣàṣìṣe, oníjó á kọ́kọ́ mọ̀.

Onílù Kékeré:
Ti òrìṣà: wá Top Percussion, rẹ́kọ́ọ̀dù Puente tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1957. Kò sí dùùrù níbẹ̀, ìlù àti ohùn ló pọ̀ jù. Àwọn onílù bíi Mongo Santamaría wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Willie Bobo, Francisco Aguabella àti Julito Collazo. Aguabella àti Collazo mọ bàtá láti Kúbà. Orin Lùkùmí ni wọ́n ń dá, ìyẹn èdè àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀. Wo orúkọ àwọn orin náà: “Eleguara”, “Obatala Yeza”, “Obaricoso”. Ka èyí tó kẹ́yìn sókè, kó o sọ ohun tí etí rẹ gbọ́.

Àgbà Mámbò:
Ẹ má gbàgbé orin “Oye Como Va” o. Ó máa ń dùn mí táwọn èèyàn bá ní Santana, báńdì rọ́ọ̀kì onígìtá, ló ni ín. Puente ló kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. 1970 ni Santana tó ṣe tirẹ̀. Ká sì fún Cachao ará Kúbà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, torí inú “Chanchullo” rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ orin náà ti wá.

Etí Ìlù:
Ìyá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́. Mo ti gbọ́ “Obaricoso” báyìí. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mò ń gbọ́ ọ nígbà tí màmá mi pè láti yàrá kejì, pé ta ló ń kì Ṣàngó nínú ilé òun.