Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ lo December nílé, bátìrì e-bike (kẹ̀kẹ́ oníná) yín ńkọ́?

Ará Leeds:
Ẹ kú òtútù o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn míì ò sì ní padà títí di March, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n tètè sọ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún tó kọjá tí mo lọ sin ìyá mi n'Íbàdàn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo rò pé mo máa lò, ló bá di oṣù mẹ́rin. Ọjọ́ tí mo máa lọ gan-an, mo gun e-bike dé láti ibiṣẹ́, ojú iná kan ṣoṣo ló kù lára bátìrì, mo tì í mọ́ inú ilé pákó tó wà lẹ́yìnkùlé báyẹn, mo gba ọ̀nà áípọ́ọ̀tù lọ. Ìgbà tí mo dé, mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, kò mí, kò gbin. Ẹni tó ń tún e-bike ṣe ládùúgbò fi mítà wọ̀n ọ́n, ó ní ó ti lọ sílẹ̀ kọjá ibi téèyàn lè jí i dé. Tuntun tí mo rà lé ní £400.

Ohun tí n ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé bátìrì téèyàn ò lò kì í sùn pátápátá. Pátákó kékeré kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BMS, òun ló ń ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì, ara iná bátìrì yẹn náà ló sì ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Tó bá ti wá lọ sílẹ̀ jù, bàbà tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, tí wọ́n bá wá fi tipátipá ṣáàjì ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, bàbà yẹn lè lọ dì síbi tí kò yẹ, kó bridge láti inú, kó sì gbiná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa bá yín "jí" bátìrì tó ti kú, ẹ má gbà fún un.

Ará Houston:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o àbúrò, Ọlọ́run á tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣé kì í wá ṣe pé ká kàn ṣáàjì ẹ̀ kó kún dẹ́nu ká tó lọ ni? Torí bátìrì inverter tí mo ní ní Abẹ́òkúta, rìwáyà tó bá mi so ó kìlọ̀ pé n ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ láì kún.

Ará Leeds:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni rìwáyà yín sọ, àmọ́ tí inverter yẹn bá jẹ́ ti olómi ásíìdì, òjé ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn fẹ́ràn kó máa kún ni, tí kò bá kún nǹkan funfun á máa dì mọ́ òjé yẹn lára títí á fi bà jẹ́. Ti e-bike, lithium ni, irú tó wà nínú fóònù, òdìkejì ẹ̀ ló sì jẹ́. Téèyàn bá fi sílẹ̀ ní kíkún fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin, pàápàá níbi tó gbóná, ńṣe ni á máa gbó láìjẹ́ pé ẹnì kankan gùn ún. NEPA ló kọ́ gbogbo wa ní àṣà ká máa sáré ṣáàjì nǹkan kó kún torí a ò mọ ìgbà tí iná máa lọ, mo mọ̀ ọ́n lára tèmi náà, ṣùgbọ́n kò bá lithium mu.

Àárín 30% sí 60% ni Bosch, iléeṣẹ́ tó ń ṣe bátìrì e-bike, sọ pé kéèyàn fi tiwọn sí tó bá fẹ́ gbé e pa mọ́. Tó bá jẹ́ ojú iná 5 ló wà lára tiyín, ẹ fi í sí ojú 2 tàbí 3. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mítà, bátìrì 36V máa ń wà ní 42V tó bá kún, ẹ fi í sílẹ̀ láàárín 36 sí 38. Ti 48V máa ń kún ní 54.6, ẹ fi tiẹ̀ sí bíi 47 sí 49. Kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́ o, kẹ́ ẹ sì yọ ṣájà, ẹ má ki ṣájà mọ́ ọn lára kẹ́ ẹ wá lọ wọ bààlúù.

Ará Toronto:
Ẹ jẹ́ n fi ti òtútù kún un. Níbí, gáréèjì lè dé -20, ẹ má gbé e síbẹ̀. Inú ilé, níbi tó tutù díẹ̀ tó sì gbẹ, bíi 10°C sí 20°C, ló dáa jù, kó má sún mọ́ hítà. Èyí tó ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ ni pé wọ́n á gbé bátìrì tó ti dì gbagidi wọlé, wọ́n á sì ki iná bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Téèyàn bá ṣáàjì lithium nígbà tí inú ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ 0°C, ìbàjẹ́ tó máa ṣe sínú ẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń padà. Èmi máa ń fi í sílẹ̀ nínú ilé fún wákàtí mélòó kan kára ẹ̀ yá ná.

Ará Peckham:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Èmi fi tèmi ń gbé oúnjẹ kiri ni, yàrá kan la sì jọ ń gbé, kọ́rídọ̀ nìkan ló ṣófo. Àbí kí n gbé e dání lọ sí Lagos?

Ará Leeds:
Rárá o àbúrò mi, wọn ò ní jẹ́ kó wọ bààlúù. Lithium tó bá ti ju 160Wh lọ (Wh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà, V lọ́nà Ah tó wà lára ẹ̀), àwọn bààlúù èrò kì í gbà á, 36V tó jẹ́ 10Ah lásán ti di 360Wh. Kọ́rídọ̀ náà ò dáa, London Fire Brigade, àwọn panápaná ìlú London, ń kìlọ̀ ẹ̀ pé kéèyàn má gbé e sójú ọ̀nà téèyàn máa gbà sá jáde, torí tó bá gbiná, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé ò ní ríbi kọjá. Wá ẹnì kan tó ní àyè tí kì í ṣe ojú ọ̀nà, gbé bátìrì àti ṣájà tó bá a wá gan-an fún un, kì í ṣe ṣájà ẹlòmíì. Kó máa tẹ bọ́tìnì ẹ̀ lóṣooṣù, tó bá ti ku ojú kan, kó ṣáàjì ẹ̀ dé ojú 2 lójú ara ẹ̀, kó yọ ọ́. Ìyá arúgbó tó múlé tì mí ló ń bá mi ṣe tèmi lọ́dún yìí, mo kọ ọjọ́ tó máa tẹ̀ ẹ́ sára bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ bátìrì yẹn lórí.