Àbùjá ni, kì í ṣe ère

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Iléṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹ ní ká máa pe gbogbo icon tó wà lójú kọ̀ǹpútà ní "ère kékeré", pé shortcut, ìyẹn èyí tó kàn ń tọ́ka sí ibi tí fáìlì tàbí pirógíráàmù wà, náà ò nílò orúkọ ọ̀tọ̀ torí ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Ẹ má bínú sí mi sà, mi ò fara mọ́ ọn, àbùjá ló yẹ ká máa pe shortcut, ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ní Lagere, ní Ifẹ̀ níbí, ló ń jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Lóṣù tó kọjá ọmọ kan sáré wọlé, ó fẹ́ tẹ pírójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ jáde, ọjọ́ yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ó ki fílááṣì bọ kọ̀ǹpútà, orúkọ pírójẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ bí ìwé funfun lásán ló rí, a tẹ̀ ẹ́ títí kò ṣí, mo wá wo bó ṣe tóbi, kò ju 2 KB lọ, ìyẹn kéré jù fún odindi pírójẹ́ẹ̀tì. Shortcut ló kó wá, pírójẹ́ẹ̀tì wà nínú láptọ́ọ̀pù nílé! Ọmọ yẹn bú sẹ́kún. Ká ní ẹni tó kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà ti sọ fún un pé àbùjá lèyí, ọ̀nà ni, kì í ṣe ilé, ṣé ó máa gbé ọ̀nà dání wá bá mi?

Èmi kọ́ ni mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ o, gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ. Láti ìgbà Windows 95, lọ́dún 1995, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn, fáìlì kékeré tó ń parí sí .lnk, àdírẹ́sì ibi tí nǹkan gan-an wà ló wà nínú ẹ̀, ọfà kékeré tó sì máa ń wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì ló ń sọ fún wa pé àbùjá ni. Tó o bá pa àbùjá rẹ́, pirógíráàmù ò kú.

Ère wá ńkọ́? Ní Ifẹ̀ níbí, tá a bá ní ère, orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938 ló ń wá síni lọ́kàn, nǹkan tó níyì fúnra ẹ̀ ni, kì í ṣe nǹkan tó kàn ń júwe nǹkan míì. Àmì tó fún icon. Àmì àbùjá, ó parí. Desktop, ojú tá a kọ́kọ́ ń rí tí kọ̀ǹpútà bá ti tàn, tẹ́ ẹ pè ní "orí tábìlì", èmi á sọ pé ojúde, torí ibẹ̀ lèèyàn kọ́kọ́ ń bá kó tó wọlé, bí Ẹnuwá ṣe wà níwájú ààfin.

Ibi tọ́rọ̀ ti dùn jù ni ìgbà tí àmì bá bàjẹ́, tí gbogbo ẹ̀ di ìwé funfun. Ohun méjì ló máa ń fà á, àwọn èèyàn sì ń pè méjèèjì ní "icon ti lọ". Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ná. Tí kò bá ṣí, tí kọ̀ǹpútà ní òun ń wá nǹkan náà kiri, wọ́n ti gbé nǹkan tó ń tọ́ka sí kúrò tàbí wọ́n ti yọ ọ́, àbùjá tí kò já nìyẹn, ẹ pa á rẹ́ kẹ́ ẹ ṣe òmíì. Àmọ́ tó bá ṣí dáadáa tí ojú ẹ̀ ṣì funfun, àbùjá ò níṣòro, ibi tí Windows ń kó àwòrán àmì pa mọ́ sí ló bàjẹ́, ohun tí wọ́n ń pè ní cache. Mo dábàá àká fún un. Kọ̀ǹpútà kì í lọ sóko ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ fi àmì hàn, inú àká ló ti ń bù ú, tí kòkòrò bá ti wọ àká, àgbàdo tó bá bù á bàjẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé oko ṣì dára. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá ti Explorer, pirógíráàmù tó ń fi ojúde àti àwọn fáìlì hàn, pa nínú Task Manager, ibi tá a ti ń rí gbogbo pirógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, màá pa àwọn fáìlì tí orúkọ wọn fi iconcache bẹ̀rẹ̀ rẹ́, wọ́n wà ní AppData\Local\Microsoft\Windows\Explorer, màá wá tún Explorer ṣí, òun fúnra ẹ̀ á lọ kó tuntun wá láti oko. Ẹni tí mo bá ṣàlàyé ẹ̀ fún báyìí kì í bi mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbọ́n, àká yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi yẹ̀ wò jù. Kí làwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń pe ibi tí wọ́n ń kó àgbàdo sí, ṣé àká náà ni àbí ẹ ní èyí tó dáa jù ú lọ?