Ẹ gbà mí o, òróró ólífì ni mo fi po ọ̀dà àwòrán màmá mi

Àbẹ̀ní Leeds:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa oil painting, àwòrán tí a fi ọ̀dà olóròóró kùn, kó dá mi lóhùn kíákíá. Ọjọ́ 9 péré ló kù kí n wọkọ̀ òfurufú lọ bá màmá mi ṣe ọjọ́ ìbí 70 ọdún. Àwòrán ojú wọn ni mo ń kùn láti oṣù tó kọjá, n kò sì kun nǹkan kan rí láyé mi. Linseed, òróró tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, tán lọ́wọ́ mi láìtíì ṣe dé ìdajì. Mo rántí pé ẹnìkan sọ níbí pé òróró ólífì lòun fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, ni mo bá fi po ọ̀dà. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. Bí mo bá fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ọ̀dà ń bá ìka mi bọ̀. Ṣé ó ṣì máa gbẹ? Ṣé kí n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ? Báwo ni mo ṣe máa gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú? Mi ò tíì sùn látàná.

Bàbá Tóbi Manchester:
Òróró ólífì kẹ̀! Àbúrò, kò ní gbẹ o. Kò ní gbẹ lọ́la, kò ní gbẹ lẹ́ẹ̀mí-ìn. Òróró àwòrán kì í gbẹ bí aṣọ ṣe ń gbẹ lórí okùn. Oxygen inú afẹ́fẹ́ ló ń fà mọ́ra, òun ló fi ń dì tó fi ń le. Linseed ń ṣe bẹ́ẹ̀, òróró walnut ń ṣe bẹ́ẹ̀, ti poppy náà ń ṣe é, ó kàn ń pẹ́ ni. Ólífì kò ní irú ẹ̀ nínú. Bó ṣe wà yẹn ló ṣe máa wà, eruku á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Màmá Ìbejì Houston:
Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ náà jù bẹ́ẹ̀. Àbẹ̀ní, báwo lo ṣe bù ú tó? Bó bá jẹ́ ẹ̀kán kan lo kán sínú ọ̀dà tó pọ̀, linseed tí wọ́n ti pò mọ́ ọ̀dà inú tube á borí rẹ̀, yóò gbẹ bó pẹ́. Gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ wà. Má tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, òkùnkùn máa ń jẹ́ kí linseed pọ́n rúsúrúsú.

Bàbá Tóbi Manchester:
Màmá Ìbejì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀kán kan. Ẹni tí linseed tán mọ́ lọ́wọ́, ṣíbí ló fi bù ú.

Àbẹ̀ní Leeds:
Ṣíbí ni sà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí àti ọrùn. Ojú méjèèjì nìkan ni mo ti kùn parí kí linseed tó tán.

Fọlákẹ́ Dublin:
Má fi ẹ̀rọ yẹn sún mọ́ ọn rárá o! Èmi ṣe é. Omi òkun ni mo kùn, ọ̀dà nípọn bí àtàǹpàkò. Mo jókòó tì í láti àárọ̀ dọ̀sán, mò ń fẹ́ ooru sí i. Òkè gbẹ, ó di awọ, abẹ́ rẹ̀ rọ̀ bí ọ̀rá. Kò pẹ́ tí awọ òkè yẹn fi hunjọ bí ìka ẹni tó ti ń fọ aṣọ láti àárọ̀, ó wá ya sí wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni mo gbé jù nù.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé Toronto:
Ohun tó ṣe Fọlákẹ́ yẹn, ó ń ṣẹlẹ̀ láìsí ooru pàápàá. Ọ̀dà ìpele àkọ́kọ́, spirit, omi tí a fi ń la ọ̀dà olóròóró, ni kí ẹ fi là á, kó fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá ṣe ń gorí ìpele kejì sí ìkẹta, ẹ dín spirit kù, kí ẹ fi òróró díẹ̀díẹ̀ kún un. Ẹni tó bá yí i padà, òkè á gbẹ tán nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì ń rìn, òkè á ya dandan ni. Àbẹ̀ní, má sì ṣe bíi tèmi: èmi fi acrylic, ọ̀dà olómi, bo ọ̀dà olóròóró tí kò gbẹ, mo ní kí n tètè rí nǹkan gbé jáde. Ní oṣù kejì ó ń ṣí bí ike. Ọ̀dà olóròóró lè jókòó lórí acrylic. Acrylic kò lè jókòó lórí òróró.

Àbẹ̀ní Leeds:
Àná ni mo ra linseed tuntun, mo rẹ àkísà sínú rẹ̀, mo fi nu ọrùn wọn nínú àwòrán, mo rò pé á fa ólífì yẹn jáde.

Màmá Ìbejì Houston:
Dúró ná. Àwọn àkísà yẹn dà?

Àbẹ̀ní Leeds:
Inú ọ̀rá dúdú lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mà.

Màmá Ìbejì Houston:
Dìde báyìí. Kó wọn síta, kí o tẹ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, má ká wọn, má tò wọ́n jọ. Kí o tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi ni kí o lọ ṣe é.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ gbọ́. Linseed bó ṣe ń gbẹ, ooru ló ń mú jáde. Tí àkísà bá tẹ́jú, ooru yẹn á bá afẹ́fẹ́ lọ. Tí ẹ bá rún un mọ́ra, kò ríbi gbà, á máa gbóná lórí ara rẹ̀ títí yóò fi ràn. Ẹnikẹ́ni kò ṣáná sí tèmi. Inú páálí ni mo kó wọn sí nínú gáréèjì, mo lọ sùn. Òórùn èéfín ló jí ọkọ mi ní aago méjì òru. Páálí ti jóná, ó ti kan ẹsẹ̀ tábìlì, àwọn ọmọ sì ń sùn lókè. Láti ọjọ́ náà, agolo onírin tó ní ìdérí ni mò ń lò, mo máa ń bu omi sínú rẹ̀ kí àkísà rì. Àwọn tó ń kọ́ mi nígbà yẹn kò sọ ọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń mú búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi gbogbo àsìkò sọ.

Àbẹ̀ní Leeds:
Mo ti tẹ́ wọn sórí kọnkéré níta. Ọ̀kan nínú wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣé mà. Ara mi ń gbọ̀n.

Bàbá Tóbi Manchester:
Ọlọ́run ṣé o. Ó dára, ẹ jẹ́ ká padà sórí àwòrán. Ta ló sọ fún un pé kó lo ólífì gan-an?

Fọlákẹ́ Dublin:
Èmi ni mo sọ nípa búrọ́ọ̀ṣì, mo sì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Ó dára láti fi fa ọ̀dà jáde láàárín irun búrọ́ọ̀ṣì, kò ní òórùn bíi turpentine tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Mo sì sọ pé lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọṣẹ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́ títí ọṣẹ á fi hó funfun.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé Toronto:
Ọ̀rọ̀ ọṣẹ yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Ẹni tí kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa, ólífì tó kù nídìí irun á bá a wọ inú ọ̀dà ọjọ́ kejì. Èmi ò ní sọ ọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láé.

Fọlákẹ́ Dublin:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń da spirit ìdọ̀tí sínú síǹkì nígbà kan, ṣé kí n rán yín létí?

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé Toronto:
Mo ti jáwọ́. Inú ìgò ni mo ń dà á sí báyìí, ìdọ̀tí á rò sísàlẹ̀, mo máa ń rọ́ èyí tó mọ́ lókè fún ìlò míì.

Bàbá Tóbi Manchester:
Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Èrò tèmi ni pé kó ha á. Fi ọ̀bẹ tí a fi ń po ọ̀dà ha gbogbo ibi tí ólífì kàn, rọra. Lẹ́yìn náà, rẹ àkísà mímọ́ sínú spirit, nù ún, pààrọ̀ àkísà, tún nù ún, títí èyí tó gbẹ̀yìn kò fi ní gbé àwọ̀ kankan. Ṣí fèrèsé. Gesso, ọ̀dà funfun tí wọ́n kọ́kọ́ fi bo kánfáàsì, á ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, o lè bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Màmá Ìbejì Houston:
Mi ò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ oṣù kan ni! Kó gbé e lọ bẹ́ẹ̀, kí ìyá rí ìfẹ́ tó wà nínú rẹ̀.

Bàbá Tóbi Manchester:
Kí ìyá fọwọ́ kàn án, kí ojú wọn wá lẹ̀ mọ́ ìka ara wọn? Rárá o.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé Toronto:
Mo wà lẹ́yìn Bàbá Tóbi. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀ní, mo ti wo fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọ̀ wo lo fi kun ara wọn?

Àbẹ̀ní Leeds:
Ivory black sà, mo fi titanium white là á níbi tí ìmọ́lẹ̀ bà sí.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé Toronto:
Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rí bí ẹni tó wà nínú eérú. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an, gbogbo wa la ń ṣe é nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀. Dúdú àti funfun inú tube, eérú tó fẹ́ jọ búlúù ni wọ́n ń bí. Ara màmá rẹ kò sí nínú tube kankan. Po burnt sienna, àwọ̀ ilẹ̀ pupa, pọ̀ mọ́ ultramarine, búlúù tó jinlẹ̀. Wàá rí dúdú tó jinlẹ̀ tó sì ní ẹ̀mí. Bí o bá fẹ́ kó móoru, jẹ́ kí sienna pọ̀. Níbi òjìji abẹ́ àgbọ̀n, jẹ́ kí ultramarine pọ̀. Fi alizarin crimson, pupa tó jinlẹ̀, díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ imú àti ètè, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ibi tó ń dán níwájú orí wọn, má sáré gbé funfun. Wò ó dáadáa: ara dúdú máa ń gba àwọ̀ ohun tó tàn sí i. Bí wọ́n bá jókòó ti fèrèsé, dídán yẹn á fẹ́ jọ búlúù. Bó bá jẹ́ àtùpà, á pọ́n bíi wúrà, yellow ochre, àwọ̀ ìyeyè bí amọ̀, ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi kun àwọn èèyàn wa bí òkú kí ojú mi tó là.

Tube 5 ti tó: mẹ́rin tí mo dárúkọ yẹn àti titanium white. Anders Zorn, ayàwòrán ará Sweden, kun ọ̀pọ̀ èèyàn pẹ̀lú àwọ̀ 4 péré. Ivory black sì máa ń pẹ́ gbẹ. Burnt umber, àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn, ló ń yára, torí manganese tó ń mú òróró tètè gbẹ wà nínú rẹ̀.

Ọmọ London:
Mo ti ń kà á láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kó wá sí London, níbí la ti mọ àwòrán. Níbí ni Aina Onabolu, ayàwòrán wa àtijọ́, wá kọ́ṣẹ́ ní 1920, ní ilé ẹ̀kọ́ àwòrán St John's Wood.

Fọlákẹ́ Dublin:
Ó tún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwòrán Académie Julian ní Paris. Ẹ má dá a gbé.

Màmá Ìbejì Houston:
Ẹ máa jà lórí Onabolu. Ọ̀dà tí yóò lo ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbẹ lọ́dọ̀ yín, tèmi á ti gbẹ nídìí fèrèsé mi. Oòrùn ni tiwa.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé Toronto:
A kì í ra funfun ní Toronto. A kàn ń ṣílẹ̀kùn ni, ó wà nílẹ̀ títí dé orókún.

Ọmọ London:
Tutu, àwòrán ọmọbìnrin Yorùbá tí ayàwòrán Ben Enwonwu kùn ní 1974 ńkọ́? Inú fúláàtì kan ní London ni wọ́n ti rí i, kó tó di pé wọ́n tà á ní 2018. Ọmọbìnrin wa dá jókòó sórí ògiri àjèjì fún ìgbà pípẹ́.

Fọlákẹ́ Dublin:
Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Nínú oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti máa ń ṣú ní aago mẹ́rin ààbọ̀ níbí. Mo máa ń wo àwọ̀ tí mo pò lábẹ́ iná, tílẹ̀ bá mọ́, mi ò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Nílé, oòrùn á bá ẹ débi tó o jókòó sí.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé Toronto:
Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣí burnt sienna, mo fi sílẹ̀ lórí pátákó, mi ò lò ó. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ni, lẹ́yìn òjò.

Bàbá Tóbi Manchester:
Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni mo ti kun ìyá mi. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù, ó sì ti ṣá. Etí òsì wọn kò hàn nínú rẹ̀, mi ò sì rántí bó ṣe rí mọ́. Àbẹ̀ní, bí o bá délé, jókòó tì wọ́n, kí o ya etí méjèèjì.

Àbẹ̀ní Leeds:
Màá ṣe é sà.

Mo ti ha á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọrùn, iwájú orí, gbogbo rẹ̀ ti lọ, ọwọ́ mi sì rùn fún spirit. Ojú méjèèjì ti gbẹ tẹ́lẹ̀, ọ̀bẹ ò sì kàn wọ́n. Wọ́n ń wò mí látorí kánfáàsì funfun.

Màmá Ìbejì Houston:
Fọ́tò ẹ̀ dà? Fi hàn wá.

Bàbá Tóbi Manchester:
Fi àkísà dẹ etí ọ̀dà tó yí ojú yẹn ká, kó má ga ju ibi tó o máa kùn lọ. Má sì fi varnish kàn án, ó di oṣù mẹ́fà.

Àbẹ̀ní Leeds:
Ó ti wà lókè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà, ẹ ò tíì sọ bí mo ṣe máa gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ọmọ London:
Ojú màmá ẹ rèé lóòótọ́. Wọ́n dà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.