Sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ń gbóná, ó ń rùn

Ìyá Ìbejì, Òkè-Àdó:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé àtijọ́ tí bàbá wa kọ́ là ń gbé. Fáànù ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, àmọ́ tí mo bá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, á máa dún ṣìì-ṣìì, á máa rùn bí ike tó ń jó. Ṣé kí n kàn ra tuntun ni?

Oníwáyà:
Ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ mọ́, mà. Fáànù ò fa iná tó áyọ́ọ̀nù. Ó jọ pé síkúrúù tó di waya mú ti dẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbóná. Kí wọ́n pa méènì, jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà, kí wọ́n fi tẹ́sítà wò ó kí ọwọ́ tó kàn án. Waya tó bá ti dúdú, kí wọ́n gé e dé ibi tó mọ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ má ra olówó pọ́ọ́kú o! Irin inú ẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an. A ti pa méènì, oníná sì ti tú u. Waya méjì péré ló bá níbẹ̀, pupa àti dúdú.

Oníwáyà:
Háà, kò sí waya ti ilẹ̀ (ẹ́ẹ̀tì) nìyẹn, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Ẹ má gbà kó so ojú ilẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ dúdú o, ó lè gbé èèyàn. Kó fa waya tuntun láti bọ́ọ̀dù.