Ẹ má fi "aláìníyè" sínú ìwé ìtọ́jú aláìsàn

Mo kí gbogbo ilé o.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kọ ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ lálẹ́ àná kò bá mi lára mu rárá. Wọ́n ní àwọn ń túmọ̀ ìwé tí aláìsàn ọpọlọ máa ń fọwọ́ sí kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀. Níbi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó lè fúnra rẹ̀ gba ìtọ́jú tàbí kó kọ̀ ọ́, wọ́n pe onítọ̀hún ní "aláìníyè". Ọ̀pọ̀ yín sì ti ń kan sáárá sí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ìwé náà tó dé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Ẹ̀gbọ́n, iyè inú lẹ ní lọ́kàn, kì í ṣe ìyè tí í ṣe wíwà láàyè. Ẹ ní ẹni tó bá mọ àmì ohùn kò ní ṣì í kà. Àmì ohùn wo? Ní àti ìpẹ̀kun di nípẹ̀kun, òun la ṣe ń pe àìnípẹ̀kun. Ohùn ìsàlẹ̀ ara ì- ti lọ, ohùn òkè ara ní ló borí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní àti ìyè, ní àti iyè: níyè kan ṣoṣo ni méjèèjì ń dà. Kò sí àmì tí ẹ lè fi là wọ́n mọ́. Ìyá tó mú ọmọ rẹ̀ wá, tí nọ́ọ̀sì wá ka "aláìníyè" sí i létí, òkú ni yóò rò pé wọ́n fi ọmọ òun pè.

Bí ohùn rẹ̀ tiẹ̀ gún, kí ni iyè? Oníyè ni ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan. Oògùn ìsọ̀yè, nítorí kí ọmọ lè máa rántí ni wọ́n ṣe ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ ìrántí kò ju ẹyọ kan lọ nínú ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ pé aláìsàn lè pinnu fúnra rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2005 lórí agbára àtipinnu (Mental Capacity Act) ka mẹ́rin: kí ohun tí wọ́n sọ yé aláìsàn, kó lè fi sọ́kàn títí yóò fi pinnu, kó lè gbé e yẹ̀ wò, kó sì lè jẹ́ ká mọ ibi tó fì sí, ìbáà ṣe pé orí ló fi mì. Iyè ti ẹ̀gbọ́n kan ìkejì nìkan. Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́?

Èyí tó bí mi nínú jù ni aláì- yẹn. Ara èèyàn ló ń lẹ̀ mọ́, kì í tán lára. Ẹni tí ẹ bá pè ní aláìnítìjú lónìí, ẹ kò retí kí ó nítìjú lọ́la. Ohun tí dókítà sì ń wádìí kì í ṣe irú èèyàn tí aláìsàn jẹ́. Ìpinnu kan pàtó ni, ní àsìkò kan pàtó. Ẹni tí kò lè pinnu lórí abẹ́rẹ́ láàárọ̀ lè pinnu lálẹ́, ẹni tí kò sì lè pinnu lórí iṣẹ́ abẹ lè mọ oúnjẹ tó wù ú jẹ.

Ẹjọ́ kan wà nínú ìwé ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1994. Ọkùnrin ẹni ọdún 68 kan wà ní Broadmoor, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn ọpọlọ wọn le. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹrà. Dókítà ní àfi kí àwọn gé e nísàlẹ̀ orúnkún, ọkùnrin náà ní òun kò gbà. Ọkùnrin yìí gbà tọkàntọkàn pé dókítà olókìkí ni òun fúnra òun! Síbẹ̀ adájọ́ rí i pé ó yé e pé òun lè kú, ó sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe àti ìdí rẹ̀. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e láìjẹ́ pé ó gbà. Ẹ̀gbọ́n, ṣé aláìníyè nìyẹn?

Nílé wa níbí náà, òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ṣẹ̀ṣẹ̀ mú òfin wèrè àtijọ́ kúrò ni, èyí tó ti wà láti 1916, tí wọ́n tún sọ ní òfin ọdún 1958. Orúkọ wèrè gan-an ló wà lára rẹ̀. Ṣé àwa elédè ni yóò tún gba ẹ̀yìnkùlé mú irú rẹ̀ wọlé?

Ẹnìkan fi òwe dáhùn pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kì í pe gbogbo alárùn ọpọlọ ní wèrè. Ní agboolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá bàbá mi tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà tó tọ́ mi sì jogún ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Asínwín yàtọ̀ sí wèrè lọ́dọ̀ wọn. "Ó ti gbé e dé", "ó ti fi í sílẹ̀": bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, àìsàn ló ń lọ tó ń bọ̀, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ kò yí padà. Wọ́n ní ṣẹkẹṣẹkẹ ni àwọn àgbà kan náà fi ń de aláìsàn. Òótọ́ ni, ó dùn mí, kò sì yẹ ká bò ó. Èdè wọn ni mo ń gbè, mi ò gbè ṣẹkẹṣẹkẹ.

Àbúrò wa obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì dábàá "ìlèpinnu" fún agbára láti pinnu. Èrò rẹ̀ tọ̀nà, ì- yẹn ni kò bá lè rẹ́. Ta ló gbọ́ ìlèjẹun rí? Àì- ló ń gbé lè: àìlèsùn, àìlèjẹun. Nítorí náà àìlèpinnu dúró dáadáa, ká sì máa pe òdì-kejì rẹ̀ ní agbára àtipinnu. Nínú ìwé náà, kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Ní àkókò yìí, aláìsàn kò tíì lè dá pinnu lórí ìtọ́jú yìí." Ó gùn ju aláìníyè lọ, mo mọ̀. Kó gùn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù: gbígbà tí aláìsàn gbà kí wọ́n tọ́jú òun, ṣé ìfọwọ́sí la ó pè é ni àbí ìyọ̀ǹda? Èèyàn lè tẹ ìka sí ohun tí kò yé e, torí náà ìyọ̀ǹda ni mo fara mọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kò ní gbà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú ewé tó kan ìbátan aláìsàn ránṣẹ́ kí a tó sùn. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé aláìníyè wà níbẹ̀ náà.