Ẹ gbà mí: ọ̀kadà ìdíje mi ń gé lójú eré, ṣéènì bọ́, kíìkì sì ti rọ̀

Eruku Adó:
Èkìtì kete, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìdíje mìíràn ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, mo sì fẹ́ ìmọ̀ràn ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí. CG125 ni ọ̀kadà náà, mo ti yọ iná, díńgí àti sítáńdì rẹ̀ nítorí pápá. Sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú jẹ́ eyín 15, ti ẹ̀yìn 42. Erùpẹ̀ pupa ni ilẹ̀ pápá, òkìtì méjì wà níbẹ̀ tí ọ̀kadà ń fò, kòtò ojú táyà sì pọ̀.

Sátidé àárọ̀: bí mo bá fún un níná tán ní ọ̀nà gbọọrọ, á máa gé bíi pé epo fẹ́ tán. Bí mo bá dín iná kù, á tún gbà. Plọ́ọ̀gì funfun bí ẹfun.
Sátidé ọ̀sán: ṣéènì bọ́ bí mo ṣe balẹ̀ láti orí òkìtì kejì. Mo ṣubú, akoto mi gbá ilẹ̀. Orí fọ́ mi títí di alẹ́, ó ti lọ báyìí.
Sọ́ńdè: kíìkì rọ̀, èéfín búlúù ń jáde, ẹ́ńjìnnì ń pariwo ju bó ṣe ń sáré lọ. Nígbà tó yá, ẹnu tíúbù ẹ̀yìn já.

Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ti yọ fílítà afẹ́fẹ́ láti Fúráìdé kí ẹ́ńjìnnì lè mí dáadáa. Òun náà ló ní epo kẹ́ẹ̀gì tí mo rà lójú ọ̀nà ló fa gbogbo rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé kí n lọ bọ́ọ̀ sílíńdà, kí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ sí i? Ṣé akoto náà ṣì ṣe é lò? Táyà ẹ̀yìn, 10 psi ni mo fún un kó lè di ilẹ̀ mú.

Mẹkáníìkì Basírì:
Àbúrò, fílítà tí wọ́n yọ yẹn ni ká kọ́kọ́ sọ. Jẹ́ẹ̀tì inú káábúrétọ̀ rẹ (ihò kékeré tí epo ń gbà), ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń gba inú fílítà kọjá ni wọ́n fi yàn án. Bí fílítà bá kúrò, afẹ́fẹ́ á pọ̀ ju epo lọ. Ohun tó sọ plọ́ọ̀gì di funfun nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà, á máa gé, bó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, orí písítìn lè lu.

Èyí tó burú jù ni eruku. Erùpẹ̀ pupa wa kúnná bí àtíkè, àmọ́ yanrìn wà nínú rẹ̀. Bó bá pàdé ọ́ìlì lára sílíńdà, sáńpépà ló dà, á sì máa ha ríǹgì tó yí písítìn ká.

Kí o tó náwó, ṣe àyẹ̀wò méjì. Tú rọ́bà tó so káábúrétọ̀ mọ́ àpótí fílítà, fi àkísà funfun nu inú ẹnu káábúrétọ̀. Bí àkísà bá pọ́n, eruku ti wọlé. Lẹ́yìn náà, yọ plọ́ọ̀gì, da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣíbí kékeré kan síhò rẹ̀, ta kíìkì lẹ́ẹ̀marùn-ún kó lè tàn káàkiri, kí o wá dá plọ́ọ̀gì padà. Bí kíìkì bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ríǹgì tàbí sílíńdà ló ti jẹ. Bí kò bá yàtọ̀, má tíì kan sílíńdà, fáàfù ni kí o wò. Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì (ohun tó ń ti fáàfù ṣí) ti CG125 jẹ́ 0.08 mm nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, fáàfù méjèèjì bákan náà. Àmì T orí máńgínẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá àmì ara ilé rẹ̀ mu, kí tápẹ́ẹ̀tì méjèèjì sì máa mì díẹ̀ lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá le, yí máńgínẹ́ẹ̀tì po lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó wọ̀n. Tápẹ́ẹ̀tì tó há jù kì í jẹ́ kí fáàfù pa dé, kíìkì á rọ̀ bíi pé ríǹgì ló kú. Sílíńdà tí wọ́n ti torí èyí bọ́ọ̀ lásán kò lóǹkà.

Ọmọ Olósùnta:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì dá epo láre o. Epo kẹ́ẹ̀gì sábà máa ń ní omi nínú. Eruku Adó, bu díẹ̀ sínú ìgò funfun tó mọ́, gbé e kalẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò dúró sí, wàá sì rí ààlà wọn kedere. Tú sukúrù ìdí abọ́ káábúrétọ̀ náà, kí o wo ohun tó ń jáde. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá nítòsí.

Mẹkáníìkì Basírì:
Kò burú, kó ṣe é. Ṣùgbọ́n epo olómi kì í yan ìgbà, á máa gé lórí iná kékeré pàápàá. Èyí tó ń gé lójú iná púpọ̀ nìkan, tó sì ń gbà bí wọ́n bá dín in, epo ni kò tó o: bóyá nítorí jẹ́ẹ̀tì, bóyá nítorí pé epo kò ṣàn dáadáa láti táǹkì.

Ihò kékeré kan wà lára ìdérí táǹkì tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ti ń lọ. Ẹrọ̀fọ̀ máa ń dí i, àwọn tó ń fi omi fọ ọ̀kadà lójoojúmọ́ ni kì í sì í rántí rẹ̀. Fa rọ́bà epo kúrò lẹ́nu káábúrétọ̀, tì í bọ ìgò 75 cl, dé táǹkì pa, ṣí táàpù. Bó bá ń ṣàn dáadáa tó wá ń tín-ín-rín kí ìgò tó kún, ṣí ìdérí. Bó bá tún ya jáde, ihò yẹn ló dí. Bí kò bá yí padà, tú táàpù, kí o fọ asẹ́ inú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, dá fílítà padà. Tó bá jẹ́ fóòmù, kẹrosíìnì ni kí o fi fọ̀ ọ́, torí bẹntiróòlù máa ń jẹ gọ́ọ̀mù ara rẹ̀. Kí o wá fi omi ọṣẹ tẹ̀ lé e. Fún un láàárín àtẹ́lẹwọ́, má lọ́ ọ bí ẹni lọ́ aṣọ. Bó bá gbẹ tán pátápátá, da ọ́ìlì sí i, fún un títí kò fi ní kán mọ́. Fi gírísì díẹ̀ yí etí ibi tó ń jókòó sí, torí etí yẹn ni eruku ń gbà yọ́ wọlé. Mú fóòmù méjì lọ sí pápá, ọ̀kan fún Sátidé, ọ̀kan fún Sọ́ńdè.

Bí plọ́ọ̀gì bá tún funfun pẹ̀lú fílítà nídìí rẹ̀, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, ta omi ọṣẹ sí ibi tí káábúrétọ̀ ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ìró rẹ̀ bá yí padà, afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀. Bí kò bá jò, fi jẹ́ẹ̀tì tó tóbi ju èyí lọ ní ìpele kan. Bí a ṣe ń ka plọ́ọ̀gì ni pé kí o fún ọ̀kadà níná tán ní jíà tó ga jù, fa kílọ́ọ̀ṣì, pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, jẹ́ kó yí lọ fúnra rẹ̀ títí yóò fi dúró. Plọ́ọ̀gì tó bá jọ àwọ̀ ẹ̀pà sísun ló dára. Èyí tí o bá yọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, irọ́ ni yóò pa fún ọ.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀nà Ìdó:
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè orí.

Eruku Adó, orí tó gbá ilẹ̀ tó sì fọ́ títí di alẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọpọlọ ló mì. Kò yẹ kí o gun ọ̀kadà ní Sọ́ńdè rárá. Bí ọpọlọ tó mì bá tún gba ìgbá mìíràn kó tó san, ó lè wú, ó sì lè pa ènìyàn. Lọ rí dókítà kí o tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje tó ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kò fọ́ ọ mọ́. Ẹni tó bá ṣubú tó ń bì, tí orí fífọ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tó ń sọ kántankàntan, tí oorun rẹ̀ kò ṣeé jí, tí ọmọlójú rẹ̀ kan tóbi ju èkejì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde létí tàbí nímú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Adó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, nítorí wọ́n lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà sí i.

Akoto yẹn ti tán. Fóòmù líle inú rẹ̀ ló fún pọ̀ kí orí rẹ má baà fọ́, kì í sì í wú padà. O lè má rí ohunkóhun lára rẹ̀ níta. Gé okùn rẹ̀ kí o tó jù ú nù, kí ọmọ ẹnìkan má baà ṣa á lò.

Fọkanáísà Ìyìn Road:
10 psi ló já ẹnu tíúbù. Ríìmù ọ̀kadà ojú títì kò ní irin tó ń di táyà mú sínú bíi ti ọ̀kadà ìdíje erùpẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, táyà á máa yọ̀ yí lórí ríìmù nígbàkigbà tí o bá fún un níná, á sì máa wọ́ tíúbù lọ. Ẹnu tíúbù wà nínú ihò, kò rí ibi lọ, ni ó ṣe já. Má lọ sísàlẹ̀ 18 psi lẹ́yìn. Níbi tí òkúta bá ti yọrí, 20. Àárọ̀ kí táyà tó gbóná ni kí o wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀tì kékeré ẹnu tíúbù yẹn, má fún un mọ́ ríìmù. Gbé e sókè kó kan ìdérí rẹ̀. Bí ẹnu tíúbù bá ti ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wàá rí i, wàá sì tú afẹ́fẹ́, tún táyà tò, kó tó já.

Ṣéènì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń fún un nígbà tí kò sẹ́ni lórí ọ̀kadà, wọ́n á ní ó ti tó. Bí o bá jókòó tí ẹ̀yìn wálẹ̀, ṣéènì á le sí i. Ibi tó ti le jù ni ìgbà tí sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú, ìdí apá ẹ̀yìn (irin tó di táyà ẹ̀yìn mú) àti áàsù àárín táyà bá wà lórí ìlà kan. Jẹ́ kí ènìyàn méjì tẹ ẹ̀yìn ọ̀kadà dé ibẹ̀, kí o wá fi ìka gbé ṣéènì: ó gbọ́dọ̀ ṣì máa ṣeré díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, 25 sí 35 mm láìsí ẹni lórí rẹ̀ ni yóò jẹ́. Yí táyà kí o wá ibi tó le jù, torí ṣéènì ògbólógbòó kì í gùn bákan náà yíká.

Kí o sì wọ̀n ọ́n. Ṣéènì 428, ka ojú 20 láti àárín píìnì kan sí àárín píìnì kan: tuntun jẹ́ 254 mm. Bó bá ti di 259, jù ú nù pẹ̀lú sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì, nítorí sípírókẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ á pa ṣéènì tuntun. Kílíìpù ojú ìsopọ̀, orí rẹ̀ tó dí ni yóò máa kọjú sí ibi tí ṣéènì ń lọ. Bí ẹnu tó là bá ṣáájú, òkúta kan ti tó láti ṣí i.

Ọ̀dọ́ Ẹ̀fọ̀n:
Bùọ̀dá, ẹ fi 13 síwájú, ẹ ó rí bí yóò ṣe gun òkìtì!

Ọmọ Olósùnta:
13 ti pọ̀ jù. 42 pín sí 15 jẹ́ 2.80. Pẹ̀lú 14, ó di 3.00, pẹ̀lú 13, 3.23. Eyín kan tí o bá yọ níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú mẹ́ta tí o bá fi kún ẹ̀yìn. Lórí 13, ṣéènì á ká kọjá ibi tó yẹ, á sì máa ha rọ́bà orí apá ẹ̀yìn. 14 ni kí o kọ́kọ́ fi gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbádùn.

Ariwo tí kò bá eré mu yẹn, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀. Wo ìka kílọ́ọ̀ṣì: ó gbọ́dọ̀ rìn ní 10 sí 20 mm lásán lẹ́nu rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ́ìlì wo lo dà sí i?

Eruku Adó:
Ẹ ṣé gan-an o, màmá nọ́ọ̀sì, màá lọ rí dókítà, mo sì ti gé okùn akoto. Ọ́ìlì ọkọ̀ ni mo dà, 5W-30. Àkísà pọ́n bí osùn. Mo da ọ́ìlì sí ihò plọ́ọ̀gì, kíìkì sì le padà. Ihò ìdérí táǹkì náà dí díẹ̀, mo ti fi okùn wáyà yọ ọ́.

Mẹkáníìkì Basírì:
Nígbà náà, ríǹgì ni, ó kéré tán. Ọ́ìlì ọkọ̀ yẹn sábà máa ń ní ohun tó ń dín ìfarakanra kù, inú ọ́ìlì kan náà sì ni kílọ́ọ̀ṣì CG ń wẹ̀. Tú u dànù pátá. Wá 20W-50 tàbí 10W-40 tí wọ́n kọ JASO MA sí lára, àmì ọ́ìlì tó bá kílọ́ọ̀ṣì inú ọ́ìlì mu. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ṣì ń yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pààrọ̀ àwọn páálí rẹ̀.

Kí o tó ṣí ẹ́ńjìnnì, fọ ìta rẹ̀ dáadáa, kí erùpẹ̀ má jábọ́ sínú. Ti ríǹgì kan sínú sílíńdà, fi orí písítìn tì í wọlé tó sẹ̀ǹtímítà kan kó lè dúró gún, kí o wá fi fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) wọn àlàfo ẹnu rẹ̀. Bó bá ju 0.5 mm lọ, ríǹgì ti tán. Bí èékánná rẹ bá kọ́ ojú ibi tó ha lára sílíńdà, ríǹgì nìkan kò lè gbà á: ra písítìn tó fi 0.25 mm tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí o tó lọ bọ́ọ̀, kí abọ́ọ̀ lè fi písítìn náà gan-an wọn iṣẹ́ rẹ̀. 56.5 mm ni ojúlówó CG125. Bí wọ́n bá ti bọ́ọ̀ rí, nọ́ńbà á wà lórí písítìn. Àmì IN orí písítìn máa ń kọjú sí ẹ̀gbẹ́ káábúrétọ̀. Àwọn ẹnu ríǹgì, má jẹ́ kí wọ́n tò sí ojú kan náà.

Níwọ̀n ìgbà tó ti ṣubú, wo iwájú pẹ̀lú. Há táyà iwájú mọ́ itan, kí o wo bóyá apá ọ̀kadà tí ọwọ́ ń dì mú bá a gún. Bó bá wọ́, tú bóòtì tó di ṣọ́ọ̀kì mú díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, tẹ̀ ẹ́ padà, kí o tún fún un. Bí kò bá padà, ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ló ti tẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń fi òòlù tọ́.

Eruku Adó:
Tí mo bá bọ́ọ̀ ọ́ tán, ṣé mo lè gbé e lọ sí pápá lọ́jọ́ kejì?

Mẹkáníìkì Basírì:
Rárá. Gùn ún fún ogún ìṣẹ́jú láìkọjá ìdajì iná, máa gbé iná sókè, máa gbé e wálẹ̀, má jẹ́ kó dúró sójú kan. Jẹ́ kó tutù pátápátá. Ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o tú ọ́ìlì náà dànù, kí o sì tún tápẹ́ẹ̀tì wọ̀n. Àwọn kan máa ń ta omi sí ẹ́ńjìnnì tó gbóná kó lè tètè tutù. Má dán an wò, orí ẹ́ńjìnnì á tẹ̀.