Ẹ gbà mí lọ́wọ́ self inú Python yìí o

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti dé ibi class (àwòṣe tí wọ́n fi ń ṣe object) nínú Python, èdè kọ̀ǹpútà tí mò ń kọ́, self yìí wá ń dà mí láàmú. Mo kọ class kan, Akanti, mo kọ def fi_owo(iye) sínú ẹ̀, mo fi a = Akanti() ṣe object kan, mo wá pè é báyìí, a.fi_owo(500), ó ní "takes 1 positional argument but 2 were given". 500 yẹn nìkan ni mo fún un o, níbo ni èkejì ti wá? Wọ́n ní kí n ṣáà máa kọ self síwájú iye, ó sì ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ mi ò fẹ́ máa kọ ohun tí mi ò mọ ìdí ẹ̀.

Ìyá Kóòdù: Àbúrò, Python fúnra ẹ̀ ló fi èkejì sí i. Tó o bá kọ a.fi_owo(500), Akanti.fi_owo(a, 500) ló ń ṣe lábẹ́lẹ̀, a yẹn ló ń bọ́ sínú self. Lọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wàá rí i. Ṣó o mọ téèlọ̀ tó ń fi pátáànì kan ṣoṣo gé aṣọ gbogbo kọ́sítọ́mà? Pátáànì ò yí padà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ mọ aṣọ ẹni tó ń gé lọ́wọ́. Self ló ń sọ ìyẹn fún method ẹ, ìyẹn function (def) tó o kọ sínú class.

Ẹgbọ́nLinux: Kò tiẹ̀ sí òfin pé self lo gbọ́dọ̀ pè é, o lè kọ emi síbẹ̀ á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀, self ni gbogbo ayé ń kọ. Àwọn kan ti ní kí wọ́n yọ ọ́, Guido van Rossum tó dá Python sílẹ̀ kọ ọ́ ní 2008 pé ó gbọ́dọ̀ dúró. Ọ̀kan nínú ìdí ẹ̀ ni pé o lè kọ function síta, kó o so ó mọ́ class, á sì di method láìyí nǹkan kan padà. Èmi fara mọ́ ọn gan-an.

Adé_JS: Tó o bá dé JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà míì, ṣọ́ra! This, tó dà bíi self tibẹ̀, ń wo bó o ṣe pe function. Kọ let f = a.fiOwo, kó o wá pe f(500), a ti sọnù nìyẹn, this á di undefined nínú class, ìyẹn ni pé kò ní tọ́ka sí nǹkan kan mọ́. Ní Python, f ò ní gbàgbé a. Ní JavaScript, bind, tó ń so this mọ́ object, ni wọ́n fi ń tún un ṣe, tàbí arrow function tó dé ní 2015, ìyẹn máa ń mú this ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Olùbéèrè: Ha, mo kọ Akanti.fi_owo(a, 500), ó ṣiṣẹ́! Ẹ ṣé gan-an ni mà. Method kan tún wà tó kàn ń ṣírò èlé, kò lo self rárá, ṣé dandan ni?

Ìyá Kóòdù: Rárá o. Fi @staticmethod sórí ẹ̀, Python ò ní ti object kankan síwájú mọ́. Tàbí kó o gbé e kúrò nínú class pátápátá, ohun tí èmi máa ṣe nìyẹn.